Ohun tí ojú mi rí nídìí x264: bí mo ṣe compile FFmpeg lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní Ìbàdàn

Kí ẹ tó compile ohunkóhun, ìyẹn ni pé kí ẹ fúnra yín yí kóòdù tí àwọn èèyàn kọ padà sí ètò tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó pọn dandan. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìdajì wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kó sínú ẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ti ń da Gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀ lójú yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun tí mo bá pàdé wúlò fún yín.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni kí n máa gba kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kí n sọ ọ́ di fáìlì tí wọ́n lè wò lórí fóònù. Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìsìnkú, ìkómọ, ìgbéyàwó, ìwúyè, ọdún Òkèbàdàn, gbogbo ohun tí àwọn oníkámẹ́rà ká sórí VHS láyé ọjọ́un ni wọ́n ń kó wá. Òmíràn á ti hu, òmíràn á ti já, a ó kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn ná.

Kọ̀ǹpútà tó ń gba àwòrán wọlé láti inú ẹ̀rọ VHS jẹ́ tòkúnbọ̀ kan tí mo jogún lọ́wọ́ ọ̀gá mi. RAM rẹ̀ kò ju 2 GB lọ. Ubuntu 17.04 ló wà lórí rẹ̀, mi ò sì lè gbé òmíràn sí i, torí pé káàdì tó ń gba àwòrán yẹn kì í bá Ubuntu tuntun ṣe. Ọ̀gá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ compile dráífà káàdì náà nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi bá gcc àti make, àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń compile, nílẹ̀.

Fídíò tí a kò tíì fún pọ̀ kì í ṣe kékeré. Àwòrán VHS tí a gbà wọlé ní 720 sí 576, tí 25 rẹ̀ ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò jẹ nǹkan bíi 75 GB fún wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀ ní Kánádà. Ohun tí gbogbo wa ń lò ni H.264, ìlànà ìfúnpọ̀ fídíò tí wọ́n gbé jáde ní 2003, tí fóònù olówó pọ́ọ́kú pàápàá ń kà. x264 ni láíbúrárì (kóòdù tí ètò mìíràn máa ń ké sí) tó ń ṣe iṣẹ́ ìfúnpọ̀ náà gan-an, lábẹ́ VideoLAN, àwọn tó ni VLC. FFmpeg, tí Fabrice Bellard ará Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ni àwa ń pàṣẹ fún. Òun ló ń ké sí x264. Open source ni àwọn méjèèjì. Ẹnikẹ́ni lè gba kóòdù wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó sì fi gcc yí i padà sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Laptop tí mo fi ń ṣe ìfúnpọ̀ ló kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó di dandan kí tòkúnbọ̀ yẹn ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Mo tẹ `sudo apt install ffmpeg`, àṣẹ tó ní kí apt, tó ń bá Ubuntu fa ètò wá, gbé FFmpeg tí wọ́n ti compile sílẹ̀ wá. Ìdáhùn rẹ̀ ni `404 Not Found`, ìlà lórí ìlà. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo pààrọ̀ síìmù, ohun kan náà ló tún sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Ubuntu 17.04 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àtìlẹ́yìn rẹ̀ sì parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018. Tí irú Ubuntu bẹ́ẹ̀ bá ti kógbá wọlé, wọ́n á kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbi tí apt mọ̀, wọ́n á kó o lọ sí old-releases.ubuntu.com. Ẹni tó bá mọ̀ á kàn ṣí fáìlì `/etc/apt/sources.list`, á fi àdírẹ́sì yẹn rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, á sì fa FFmpeg àtijọ́ kan wá. Fún ká fún VHS pọ̀ sí H.264, àtijọ́ yẹn tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Ó pẹ́ kí èmi tó gbọ́ nípa rẹ̀, nígbà tí mo sì gbọ́, mo ti wọlé jìnnà, agídí ló kù tí mo fi ń ṣe é.

Mo ní mà á fa source, ìyẹn kóòdù bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wá fúnra mi. git, ètò tí a fi ń fà á, kọ̀ jálẹ̀:

server certificate verification failed

Àbúrò kan tó ń kàwé ní UI ni mo pè. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni déètì tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín?"

Mo wò ó. 2017.

Bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lára bọ́ọ̀dù, tí wọ́n kọ CR2032 sí lára, ló ti kú. Bí NEPA bá ti mú iná, tí kọ̀ǹpútà sì kú, aago inú rẹ̀ á gbàgbé ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí tí àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń fara wọn hàn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Lójú kọ̀ǹpútà tó gbà pé 2017 la wà, ìwé ẹ̀rí ti ọdún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo fi àṣẹ `date` tún aago ṣe, mo sì fi bátìrì náà sílẹ̀ bó ṣe wà. git ṣì kọ̀, torí àkójọ àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tó wà nínú Ubuntu náà ti gbó jù. Mo bá ní kí àbúrò fi laptop tirẹ̀ bá mi fà á, kó kó o sórí fláàṣì.

Ó kó o wá lóòótọ́. Ó tiẹ̀ ti bá mi tú u sílẹ̀ sínú fóldà kó lè rọ̀ mí lọ́rùn. Mo tẹ `./configure`, àṣẹ tó ń yẹ kọ̀ǹpútà wò kí compile tó bẹ̀rẹ̀, ó ní `Permission denied`. Mo fi sudo sí i, síbẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Fláàṣì tó jẹ́ FAT32 kì í rántí fáìlì tó ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ní, ojú ọ̀nà Bódìjà sí Mọ́kọ́lá ni àmì yẹn bọ́ sọnù sí. Tí ẹ bá máa gbé source lórí fláàṣì, ẹ jẹ́ kó wà nínú tarball, fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n di gbogbo rẹ̀ sí, bó ṣe wà. Orí kọ̀ǹpútà tí ẹ máa lò ni kí ẹ ti tú u. Àbúrò tún lọ, ó tún bọ̀. Òun náà ló ní kí n mú FFmpeg 4.4, tó jáde ní 2021, dípò tuntun pátápátá, torí pé gcc tó wà lórí tòkúnbọ̀ yẹn lè má gbọ́ ohun tí àwọn tuntun ń sọ.

Ó wá ku x264. Mo wọ fóldà rẹ̀, mo tẹ configure, ó sì sọ èyí fún mi:

Found no assembler
Minimum version is nasm-2.13
If you really want to compile without asm, configure with --disable-asm.

Ẹ wo ìlà kẹta yẹn dáadáa. Ìlà kejì ló sọ ohun tí ó ń fẹ́, ìyẹn nasm, láti 2.13 lọ sókè. Ìlà kẹta ló fún ni ní ọ̀nà àbùjá, òun náà ni ojú ẹni tó ti rẹ̀ máa ń lọ sí. Mo fi `--disable-asm` sí i. Configure yege, make yege, mi ò rí àṣìṣe kan ṣoṣo. Inú mi dùn, mo pe Alhaja kan tó gbé kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú bàbá rẹ̀ sílẹ̀, mo ní kó wá gbà á ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tí mo wá fún x264 ní apá kékeré nínú fídíò náà, ohun tó ń ṣe jáde jẹ́ nǹkan bíi àwòrán 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kásẹ́ẹ̀tì ni 25. Ìyẹn ni pé wákàtí kan fídíò yóò gba wákàtí márùn-ún. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta yóò gba wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ sọ àdúgbò tí iná ti ń wà fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìṣẹ́jú ní Ìbàdàn fún mi, kí n kó ṣọ́ọ̀bù mi lọ síbẹ̀. Mo dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi, mo ní ó ti dàgbà. Bẹ́ẹ̀ x264 ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nínú ìlà tí mo fojú fò:

x264 [info]: using cpu capabilities: none!

Apá tó gba agbára jù nínú x264 ni àwọn tó ṣe é fi èdè assembly kọ, èdè tó sún mọ́ CPU jù lọ. Ohun tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ ni pé CPU lè lo àwọn àṣẹ bíi SSE2, tó ń mú písẹ́ẹ̀lì 16 lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. nasm ló ń yí apá yẹn padà sí èdè ẹ̀rọ. Tí a bá ní kí ó yọ ọ́, fídíò tó máa jáde kò ní burú. Àkókò àti epo jẹnẹrétọ̀ ló máa lọ. FFmpeg náà ní irú ọ̀nà àbùjá yìí, ṣùgbọ́n òun kì í fi bò: crippled build ló pè é nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

nasm fúnra rẹ̀ kì í dà ènìyàn láàmú. Tarball rẹ̀ kéré. Configure, make, `sudo make install`, ó ti parí. Mo padà sí fóldà x264, mo tẹ `make distclean` kí àwọn èyí tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ má bàa dàpọ̀ mọ́ tuntun, mo sì tún configure tẹ̀, láìsí ìlà àbùjá yẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ mi ní kí n fi `-j` sí make kó lè yá. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pé. `make -j` láìsí nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀ túmọ̀ sí pé kí make bẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tó bá lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìní òǹkà. Pẹ̀lú RAM 2 GB! Másù kọ́kọ́ ń fà, ó wá dúró, iná dísìkì wá ń tàn láìsí ìdádúró. Mo tẹ bọ́tìnì, mo dì í mú títí ó fi kú. Nígbà tí mo tan án padà, mo fi `make -j2` sí i, make fo gbogbo èyí tí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń bá ìyókù lọ, ó sì dé òpin kí ó tó sọ pé:

encoder/analyse-8.o: file not recognized: File truncated

Èyí ló kọ́ mi bí make ṣe ń ronú. Kì í yẹ inú fáìlì wò. Ó kàn ń wo aago: tí fáìlì `.o` (èyí tí gcc ti yí padà) bá ti wà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì jẹ́ tuntun ju ti `.c` (kóòdù tí èèyàn kọ) tí wọ́n ti yọ ọ́, ó gbà pé iṣẹ́ yẹn ti parí. analyse-8.o wà, tuntun sì ni, àmọ́ òfìfo ni, torí pé mo pa kọ̀ǹpútà kó tó kọ ohun inú rẹ̀ sórí dísìkì. Láti ọjọ́ náà, tí iná bá lọ láàárín make, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń tẹ̀ nìyí kí n tó bá a lọ:

find . -name '*.o' -size 0 -delete

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo dán x264 wò, níbi tó ti kọ none tẹ́lẹ̀, MMX2 àti SSE2Fast pẹ̀lú SSSE3 ló jókòó síbẹ̀, àwòrán sì ń kọjá ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà kan náà o.

Mo ti fi x264 sínú fóldà tèmi, pẹ̀lú `--prefix="$HOME/ffmpeg_build"`, dípò kí n dà á mọ́ àárín ti Ubuntu. Ìmọ̀ràn rere nìyẹn, mo sì dúró lórí ẹ̀: tí ohunkóhun bá dàrú, ẹ pa fóldà kan rẹ́, ó tán, ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan ẹlòmíràn. Àmọ́ ó ní ohun tó ń bá a rìn. FFmpeg kò mọ̀ pé fóldà yẹn wà.

Mo tẹ configure FFmpeg pẹ̀lú `--enable-libx264`. Ó kọ́kọ́ ní GPL ni ìwé àṣẹ x264, pé kí n fi `--enable-gpl` sí i kó hàn pé mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo fi sí i. Ó wá ní:

ERROR: x264 not found using pkg-config

Inú bí mi. Mo ṣí fóldà náà, mo rí x264 níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi, gbogbo fáìlì rẹ̀ pé. Báwo ló ṣe máa sọ pé òun kò rí i?

Ibi tí mo ti lo àkókò jù nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já a sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, nínú gbogbo ohun tó dí mi lọ́nà, díẹ̀ ló jẹ́ pé kóòdù ní àbùkù. Èyí tó pọ̀ jù ni pé nǹkan wà níbì kan, ẹni tó ń wá a sì ń wo ibòmíràn. Configure dà bí ọmọ tí ẹ rán wọ yàrá lọ mú nǹkan: ibi tí ẹ bá júwe fún un nìkan ni yóò wò. Tí ẹ bá ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí nǹkan náà sì wà lórí àga, yóò padà wá sọ pé kò sí, kò sì parọ́. Nítorí náà mi ò kí ń bi í mọ́ pé kí ló dé tí kò fi ṣiṣẹ́. Ohun tí mò ń béèrè ni: kí ló wá, ibo ló wò? Ìdáhùn wà nínú `ffbuild/config.log`, fáìlì kan tí FFmpeg ń kọ gbogbo ohun tó dán wò sí. Ó gùn. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè bọ̀, títí ẹ ó fi kan àṣẹ tó kọ́kọ́ kùnà.

pkg-config, ètò tí configure fi ń wá láíbúrárì, máa ń wá fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ x264.pc. Tèmi wà nínú `$HOME/ffmpeg_build/lib/pkgconfig`, ibi tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ìlà kan péré ló máa ń yanjú rẹ̀:

export PKG_CONFIG_PATH="$HOME/ffmpeg_build/lib/pkgconfig"

Ṣùgbọ́n kí n tó mọ ìyẹn, mo ti gba ìmọ̀ràn mìíràn. Bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Challenge ló sọ fún mi nípa old-releases, ó ní kí n fa libx264-dev, ìyẹn x264 tí Ubuntu ti compile sílẹ̀, láti ibẹ̀, pé configure á dákẹ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ohun tó sì burú níbẹ̀ nìyẹn, torí x264 wá di méjì lórí kọ̀ǹpútà kan: tuntun tí mo compile, àti àtijọ́ tí apt gbé wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ make FFmpeg. Ó pọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Fáìlì rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ, tòkúnbọ̀ yẹn sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Alhaja pè.

"Ọmọ mi, ṣé kásẹ́ẹ̀tì Bàbá ò tíì bàjẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́?"

"Rárá o, Mà. Kò ṣe nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe mí báyìí."

"Ìwọ náà máa ṣe é padà."

Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni NEPA mú iná. UPS mi kò ju kí ó ké lọ. Nígbà tí iná dé, mo fi find yẹn gbá àwọn òfìfo dànù, mo sì ní kí make máa bá a lọ. Ó ń compile, ó ń compile, ó parí apá kan. Mo tún make tẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀! Ó tún ń kọ ọ́ pé:

make: warning:  Clock skew detected.  Your build may be incomplete.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Aago ti padà sí 2017. Fáìlì `.c` FFmpeg 4.4 jẹ́ ti 2021, `.o` tí mò ń ṣe jáde lọ́wọ́lọ́wọ́ sì ń gba déètì 2017. Lójú make, gbogbo `.o` tó ń bí ló ti gbó ju òbí rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe, títí láé. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ní Dùgbẹ̀, mo ra CR2032. Owó rẹ̀ kò tó owó mọ́tò mi lọ àti bọ̀. Tí ẹ bá ń fi tòkúnbọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ pààrọ̀ bátìrì yẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó ń jẹ́ make.

Lẹ́yìn bátìrì, make lọ títí dé ìgbà tí ó fẹ́ so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ibẹ̀ ló ti ní:

undefined reference to `x264_encoder_open_164'

Nọ́ńbà tó wà ní ìparí yẹn ni ẹ wò. Àwọn tó kọ x264 mọ̀ọ́mọ̀ fi nọ́ńbà ẹ̀dà mọ́ orúkọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a máa ń ké sí, kí ẹ̀dà méjì má bàa dàpọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Fáìlì x264.h tí FFmpeg kà jẹ́ tèmi, 164, torí mo ti fi `--extra-cflags` júwe fóldà mi fún un. Láíbúrárì tí ó wá rí nígbà ìsopọ̀ sì jẹ́ ti apt, 148. Ó ń wá 164 nínú ilé 148. Mi ò nílò láti wá àtúnṣe kóòdù kiri rárá: `sudo apt remove libx264-dev`, PKG_CONFIG_PATH tí mo kọ sókè yẹn, configure lẹ́ẹ̀kan sí i, make.

Ó parí. Mo tẹ `./ffmpeg`, ó ní:

error while loading shared libraries: libx264.so.164: cannot open shared object file

Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń wá nǹkan níbi tí kò sí náà tún ni. Nígbà compile ó ti rí fóldà mi, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ló ń bá a wá láíbúrárì, àwọn fóldà tí ldconfig mọ̀ nìkan ni ìyẹn sì ń wò. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀. Ẹ lè kọ àdírẹ́sì fóldà yín sínú fáìlì kan ní `/etc/ld.so.conf.d`, kí ẹ tẹ `sudo ldconfig`. Tàbí kí ẹ ṣe bí mo ti ṣe: mo tún x264 compile pẹ̀lú `--enable-static` dípò `--enable-shared`, kó lè wọ inú FFmpeg pátápátá, kó má sí ohun tí a óò máa wá kiri mọ́. Tí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo libx264.so tó wà nínú fóldà yín rẹ́. Tí `.so` (ti shared) àti `.a` (ti static) bá jọ wà, `.so` ni ìsopọ̀ máa mú, ẹ ó sì tún padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Configure tó gbẹ̀yìn, tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, nìyí:

./configure --prefix="$HOME/ffmpeg_build" --pkg-config-flags="--static" --enable-gpl --enable-libx264

Mo fún kásẹ́ẹ̀tì Alhaja pọ̀, ó dára lójú kọ̀ǹpútà. Mo fi ránṣẹ́, fóònù rẹ̀ kò ṣí i. Ohùn ń jáde, àwòrán dúdú. Èyí kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ compile mọ́, ṣùgbọ́n kí ó má bàa ṣe ẹlòmíràn: káàdì mi ń gba àwọ̀ wọlé ní 4:2:2, èyí tó ń tọ́jú àwọ̀ púpọ̀ ju 4:2:0 lọ, x264 sì pa á mọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fóònù kò mọ̀ ju 4:2:0 lọ. `-pix_fmt yuv420p` ló yanjú rẹ̀. Ẹ tún fi `-vf yadif` sí i fún VHS, kí àwọn ìlà tó ń gé ara wọn nígbà tí ènìyàn bá ń jó lè kúrò:

ffmpeg -i kaseeti.avi -vf yadif -c:v libx264 -crf 20 -pix_fmt yuv420p -c:a aac kaseeti.mp4

crf máa ń lọ láti 0 dé 51. 23 ni x264 ń lò tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, bó bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe ń dára tó, tí fáìlì sì ń tóbi. 20 tó fún kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, fóònù Alhaja ṣí i. Wọ́n ti pín in kárí ẹbí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan wà tí mi ò retí. Bọ̀dá Challenge yẹn ní kí n fún òun ní FFmpeg tí mo ṣe, mo sì rò pé kò ní ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó jẹ́ tuntun. Mo fi `ldd` wo ohun tó gbára lé, mo rí i pé kò pọ̀, mo gbé e fún un, ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a bá compile lórí Ubuntu àtijọ́ sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí tuntun. Ti tuntun ni kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí àtijọ́, torí glibc, láíbúrárì tí ọ̀pọ̀ ètò gbára lé lórí Ubuntu. x264 fúnra rẹ̀ sì máa ń wo CPU tó bá bá níbẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, yóò mú àṣẹ tí CPU yẹn mọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá ti fi `-march=native`, tó ń so ó mọ́ CPU tí ẹ fi compile, sí i nígbà compile. Mo kó tarball FFmpeg àti ti x264 sórí fláàṣì kan náà fún un, torí GPL ní ẹni tó bá fún ènìyàn ní ètò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó rí source rẹ̀ gbà. Nínú tarball ni mo jẹ́ kí wọ́n wà.